Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà: ṣé mọ́nítọ̀ ni àbí pírífẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama báyìí, bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn olóyìnbó ń pè ní peer mentoring ní ilé-ìwé rẹ̀. Wọn yóò mú àwọn ọmọ SS 2, wọn yóò fa ọmọ JSS 1 kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n lè máa tọ́ àbúrò sọ́nà. Inú àwọn òbí kan dùn sí i. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe síníọ̀ àti júníọ̀ tó ti ń pa àwọn ọmọ wa lẹ́kún láti ọjọ́ yìí náà ni ẹ fẹ́ fún lórúkọ míì?" Ó ní kí n bá òun dá ẹjọ́ náà.

Lójú tèmi, àwọn òbí méjèèjì ló jàre, torí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn nǹkan méjì náà ti wà ní ilé-ìwé wa fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti wá kò jọra rárá, ohun tí wọ́n sì ń sọ ọmọ dà kò jọra. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè máa pe ọ̀kan kí èkejì bá a wọlé. Àlàyé náà yóò gbé wa dé Íńdíà, Sàró, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nítorí náà, ẹ fara balẹ̀.

Kí á tó gbéra, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà ní tiwa. Ẹni tó bá jókòó ní ilé-kéwú rí mọ̀ pé Àfáà kan ṣoṣo kì í gbọ́ ti gbogbo ọmọ tó kún iwájú ilé. Ọmọ tó ti kà dé iwájú ló ń di wàláà mú fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lẹ́tà mọ̀. Tí ìyẹn bá ṣì í pè, á ní kó tún un pè. Àfáà ń fetí sílẹ̀ láti orí ẹní rẹ̀, bó bá gbọ́ àṣìpè, á dá sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà, ọ̀gá kọ́ ló ń fi bí wọ́n ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì han ọmọ tó dé lánàá. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì ló ń fi hàn án, ọ̀gá á sì máa wo ọwọ́ wọn láti ìdí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fiyè sí Àfáà àti ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn o. Wọn kò kúrò níbẹ̀.

Ó dáa. Ní 1789, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, ọmọ Skọ́tílándì, tó ń jẹ́ Andrew Bell, di alábòójútó ilé àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí ní Madras, ìlú tí wọ́n ń pè ní Chennai lónìí. Ó rí àwọn ọmọ Íńdíà ní ilé-ìwé wọn, wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn. Ó wù ú. Ó ní kí àwọn tíṣà tirẹ̀ náà máa fi yanrìn kọ́ àwọn ọmọ, wọn kò gbà. Ni ó bá mú ọmọkùnrin kan tó jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ní kí ó máa kọ́ kíláàsì àwọn tó kéré jù ní ABC. Ohun tí àwọn tíṣà ní kò ṣeé ṣe, ọmọ náà ṣe é. Bell tẹ̀wé jáde lórí rẹ̀ ní 1797. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Lancaster, ọmọ ìjọ Kwékà, ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tálákà ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì ń lo irú ọgbọ́n kan náà. Tíṣà á kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù, àwọn yẹn á wá dúró níwájú ọ̀wọ́ ọmọ kéékèèké, wọ́n á gbé e fún wọn bí wọ́n ṣe gbà á. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ni yìí ni wọ́n ń pè ní mọ́nítọ̀. Lancaster a máa fọ́nnu pé bí mọ́nítọ̀ bá ti wà, tíṣà kan lè kápá ẹgbẹ̀rún ọmọ.

Àwọn míṣọ́ọ̀nù gbé ètò yìí kọjá òkun, ó dé Sàró, ibẹ̀ ló ti kan ilé wa. Ní 1821 wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìdè lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú Pọtogí, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1837, òun fúnra rẹ̀ sọ pé láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí òun débẹ̀, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun dáadáa, wọ́n sì ti fi òun ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń fún òun ní pẹ́nì méje àti àbọ̀ lóṣù. Ọmọ yìí ni Àjàyí, tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tó ṣe lórí Bíbélì Yorùbá, a mọ̀ pé ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé kí ó tó di nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ọmọ tó ń kọ́ ọmọ ni.

Kí wá ni ẹni tó mọ̀wé fún oṣù mẹ́fà péré lè fi kọ́ni? Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ìdí tí ètò yìí fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la omi kọjá ṣì mọ ibi tí omi náà ti jìn. Èmi tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní yunifásítì, mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà: máa ṣàlàyé nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní yé ọmọ kan. Ẹni tó jókòó tì í á sọ gbólóhùn kan péré sí i létí, ojú rẹ̀ á là. Ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti yé mi débi pé mo ti gbàgbé pé ó le rí; ẹni tó jókòó tì í kò tíì gbàgbé. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tó kọ̀wé púpọ̀ lórí bí ọmọ ṣe ń gbọ́n kó tó kú ní 1934, ṣàlàyé pé ohun kan wà tí ọmọ lè dá ṣe, ohun kan wà tí kò lè ṣe rárá, àárín àwọn méjèèjì sì ni ohun tí ó lè ṣe bí ẹnìkan bá dì í lọ́wọ́ mú. Kò sọ pé àgbàlagbà nìkan ló lè di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ó dárúkọ ẹlẹgbẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe náà.

Àmọ́ mọ́nítọ̀ ní àbùkù tirẹ̀, n kò ní fi bò. Ohun tí kò yé mọ́nítọ̀, àkọ́sórí ló ń fi kọ́ni. Lancaster kò fẹ́ kí wọ́n máa na ọmọ, ṣùgbọ́n ìdójútì ló fi rọ́pò ẹgba: wọ́n ń so igi mọ́ ọmọ lọ́rùn, wọ́n tún ń gbé ọmọ sínú agbọ̀n, wọ́n á fà á sókè àjà kí àwọn yòókù lè máa fi ṣẹ̀sín. Nígbà tó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i pé kò tó. Ní 1846 ìjọba wọn gbé ètò mìíràn kalẹ̀, ti pupil teacher. Ọmọ tó ti pé ọdún 13, ó kéré tán, á kọ́ iṣẹ́ tíṣà fún ọdún 5, wọ́n á máa san owó díẹ̀ fún un, ọ̀gá rẹ̀ á sì máa fi wákàtí kan àbọ̀ kọ́ òun náà lójoojúmọ́. Àwọn ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù wa lo pupil teacher fún ọdún gbọọrọ. Awólọ́wọ̀ ṣe é ní Abẹ́òkúta kí ó tó lọ sí Wesley College n'Ìbàdàn. Ẹ mú wákàtí kan àbọ̀ yẹn dání, a ó tún nílò rẹ̀.

Ìyẹn ni orísun kìíní. Orísun kejì ni ilé-ìwé àwọn ọmọ olówó ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1828 Thomas Arnold di ọ̀gá àgbà ní Rugby. Ó bá a níbẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní agbára lórí àwọn kékeré, kò gba agbára náà lọ́wọ́ wọn. Ó sọ ọ́ di ìlànà: àwọn ọmọ òkè ni yóò máa mú ilé dúró, àwọn ni yóò máa bá a ṣọ́ ìwà àwọn yòókù. Àwọn kékeré ní tiwọn á máa ṣe iṣẹ́ fún àwọn àgbà, wọ́n á yan búrẹ́dì, wọ́n á dáná, wọ́n á gbá yàrá. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé-ìwé ńlá fún wa níbí, King's College l'Ékòó ní 1909, Government College n'Ìbàdàn ní 1929 àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, àpẹẹrẹ yìí ni wọ́n wò: ilé-gbígbé tó ní orúkọ, olórí ilé, pírífẹ́ẹ̀tì, ìyàtọ̀ láàrin síníọ̀ àti júníọ̀. Pírífẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun burúkú lásán. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń darí iléeṣẹ́ lónìí, ibẹ̀ lẹ ti kọ́ bí a ṣe ń dúró níwájú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàrin ẹni méjì. Mọ́nítọ̀ ní nǹkan tó fẹ́ fún ọ. Pírífẹ́ẹ̀tì ní nǹkan tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ lásán.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé pírífẹ́ẹ̀tì gbé mọ́nítọ̀ mì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ èyíkéyìí lónìí pé kí ni iṣẹ́ mọ́nítọ̀ kíláàsì, á ní mọ́nítọ̀ ló ń kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san pẹ́nì méje àti àbọ̀ fún Crowther lé lórí ti di iṣẹ́ ọlọ́pàá kékeré.

Ní ìgbà tèmi ní ilé-gbígbé, wọ́n máa ń fi ọmọ tuntun sí abẹ́ síníọ̀ kan. Ilé-ìwé kọ́ ló ṣètò rẹ̀. Àṣà ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ ló ni ọ́. Síníọ̀ tó ni mí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo four-figure table, ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé mi, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́ láyé. Síníọ̀ kan náà ló ń jẹ ṣúgà mi tán kí oṣù tó pé ìdajì, òun náà ló ń jí mi láago mẹ́rin ìdájí pé kí n lọ pọnmi òun wá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé títí dé ibi báyìí ni tìẹ, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn kan á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àṣà Yorùbá ni pé kí ẹ̀gbọ́n rán àbúrò níṣẹ́." Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ń rán àbúrò níṣẹ́ nílé, àbúrò kò sì gbọ́dọ̀ ṣagídí. Ṣùgbọ́n tí àbúrò bá ṣubú lójú ọ̀nà, ta ni ìyá ń pè? Ẹ̀gbọ́n ni. Tí oúnjẹ kò bá kárí, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń retí pé kó yọ̀ǹda. Tí ọmọ ìta bá lu àbúrò, wọ́n á bi ẹ̀gbọ́n pé níbo lo wà. Agbára ẹ̀gbọ́n ní ẹrù lórí, ìyá sì wà ní yàrá tó ń gbọ́ ohùn wọn. Ohun tí a gbé lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀gbọ́n tó ń ránni níṣẹ́. A kò gbé ìyá tó ń bi í léèrè lọ. Ibi tí kò bá sí ẹni tó ń béèrè, ọmọ ọdún 16 tí a fún ní ọmọ ọdún 10 lè ṣe é bó ṣe wù ú, èyí tó bá sì dára nínú wọn, orí ọmọ náà ló gbè é. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù ò bẹ̀rù lásán.

Kí ni àwọn tó wádìí rẹ̀ rí? Ní 1982, Peter Cohen, James Kulik àti Chen-Lin Kulik kó ìwádìí 65 jọ lórí ètò ìkọ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, èyí tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí wọ́n kọ́ ń jèrè nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń kọ́ni náà ń jèrè. Ẹ̀yin tíṣà tó wà láàrin yín kò ní yà lẹ́nu, torí ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ kọ́ni ní nǹkan ló ń rí i pé nǹkan náà kò tíì yé òun. Ní 2019, Lauren Eskreis-Winkler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ ilé-ìwé girama 1,982 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gba àwọn tó kéré sí wọn nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè tẹpá mọ́ ìwé. Àwọn tó gbani nímọ̀ràn ni máàkì wọn fi díẹ̀ sàn sí i ní táàmù yẹn. Díẹ̀ ni o, ẹ má lọ sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó mú wa ronú nípa ẹni tí à ń yàn. Ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní nìkan kọ́ ló lè tọ́ni sọ́nà. Ọmọ tó ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò rí, tó sì jáde nínú rẹ̀, lè wúlò fún ọmọ JSS 1 ju ẹni tí ìṣirò kò fìgbà kan ṣòro fún.

Èyí tó wù mí jù ni iṣẹ́ Elizabeth Levy Paluck, Hana Shepherd àti Peter Aronow, tó jáde ní 2016. Ìjà àti ìfìtínà láàrin àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n mú ilé-ìwé 56 ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tí ọmọ inú wọn lé ní 24,000, wọ́n ṣẹ́ gègé, ìdajì àwọn ilé-ìwé náà ṣe ètò, ìdajì kò ṣe é. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ àwọn tí òun máa ń bá lò ní ilé-ìwé, tó bá pọ̀ jù kó jẹ́ 10. Láti inú orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n ti rí àwọn tí ojú àwọn ọmọ wà lára wọn jù. Lẹ́yìn náà wọ́n yan ọ̀wọ́ ọmọ díẹ̀ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, gègé náà ni wọ́n fi yàn wọ́n, àgbàlagbà kan tó ti gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ sì ń pàdé wọn déédéé jálẹ̀ ọdún. Wọn kò fún wọn ní agbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ náà ló ń sọ ìwà tó ń fa ìjà ní ilé-ìwé wọn, àwọn ló ń ronú ohun tí wọn yóò ṣe sí i: wọ́n ya pátákó tí wọ́n fi àwòrán ara wọn sí, wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá rí tó ṣoore ní ọ̀já ọwọ́ kékeré. Ní òpin ọdún, ẹjọ́ ìjà láàrin àwọn ọmọ tó dé iwájú àwọn ọ̀gá fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ilé-ìwé tí kò ṣe é. Níbi tí àwọn tí ojú wà lára wọn bá sì ti pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe kàn wá. Tí ọ̀gá ilé-ìwé bá fẹ́ yan àwọn olùtọ́sọ́nà, àwọn ọmọ tí bàtà wọn ń dán, tó ń jókòó níwájú, tó ń bá tíṣà ru ìwé, ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọmọ JSS 1 kò wo àwọn yẹn. Ó ń wo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ó ń wo ọmọbìnrin tó ń pa gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì lẹ́rìn-ín. Nínú àwọn yẹn, ẹni tí tíṣà ń pè ní aláriwo wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé mọ́nítọ̀ wà. Kí ọ̀gá ilé-ìwé pín ìwé kékeré fún àwọn ọmọ, kí kálukú kọ orúkọ mẹ́ta ní kọ̀rọ̀, kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Ṣùgbọ́n ètò yìí lè pani lára, àwọn kan sì ti wọn ìyẹn náà. Jean Grossman àti Jean Rhodes wo àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní olùtọ́sọ́nà ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Àgbàlagbà ni àwọn olùtọ́sọ́nà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan wa. Àwọn tí àjọṣe wọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn tú ká láàrin oṣù díẹ̀ péré, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tún burú sí i ju ti tẹ́lẹ̀. Kò sì ṣòroó yé: ọmọ tó ti ń rò pé òun kò já mọ́ nǹkan, ẹ fún un ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n náà wá lẹ́ẹ̀mejì kò wá mọ́. Thomas Dishion, Joan McCord àti François Poulin náà kìlọ̀ ní 1999 pé bí ẹ bá kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń ṣìwà hù jọ sójú kan, wọ́n lè máa kọ́ ara wọn ní ìwàkiwà, kí wọ́n máa fi ẹ̀rín ki ara wọn láyà. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ tó ń fìtínà èèyàn tọ́ ọmọ mìíràn tó ń fìtínà èèyàn, kí ẹ ní ẹ̀ ń fi irin pọ́n irin.

Ohun tí mo wá sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé náà rèé, bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ wá tíṣà kan tí yóò ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ SS 2 yẹn, tí iṣẹ́ mìíràn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ lójoojúmọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ní 1846; kan péré lọ́sẹ̀ ni mo ń tọrọ. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, kánṣẹ́lọ̀ kan ló wà fún gbogbo ọmọ, òun náà sì tún ń kọ́ni ní iṣẹ́ mẹ́ta. Bí wákàtí yẹn kò bá sí, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má tilẹ̀ dán an wò. Ètò tí kò ní àgbàlagbà lórí, síníọ̀ àti júníọ̀ náà ni, ìwé àṣẹ nìkan ni ẹ kàn fún un.

Mo ní kí iṣẹ́ náà ní orúkọ, kó sì kéré. "Máa tọ́jú rẹ̀" kì í ṣe iṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tó parí sí. Ọmọ tó ti ní tíṣà kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́fà wá, tó wá bá ara rẹ̀ níwájú tíṣà bíi mẹ́wàá, kò mọ bí a ṣe ń ka tíméètébù, kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ nóòtù nígbà tí tíṣà ń sọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tí èèyàn ń lọ bá tí inú bá ń run ún. Àwọn wọ̀nyí ló tó kọ́ ọ ní táàmù kìíní. Ní táàmù kejì, kí wọ́n jọ máa ka ìwé kan. Ìgbà kan lọ́sẹ̀, ní kíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, lójú ọ̀sán. Kò sí ìpàdé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sí ti alẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ kankan, kì bá à ṣe omi mímu. Kò gbọdọ̀ gba gààrí, owó tàbí mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n ka òfin yìí sétí ọmọ JSS 1 náà, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níwájú àwọn òbí méjèèjì. Òfin tí ẹ̀gbọ́n nìkan mọ̀ kò lè gba àbúrò là.

Ó béèrè pé àṣírí ńkọ́, pé ṣé ọmọ á lè sọ̀rọ̀ bí kò bá dá a lójú pé wọn ò ní tú u. Mo ní ọ̀pọ̀ àṣírí ni ẹ̀gbọ́n lè pa mọ́: ọmọ náà ń tọ̀ sílé, ó ń sunkún ilé, ẹ̀rù tíṣà kan ń bà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ dá gbé: bí ẹnìkan bá ń lu ọmọ náà, bí ẹnikẹ́ni, tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́, bá ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, bí kò bá rí oúnjẹ jẹ, bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun. Ọjọ́ náà gan-an ni kó sọ fún tíṣà tó ń mójú tó wọn, tó bá sì jẹ́ pé tíṣà náà ni ẹjọ́ kàn, kó mọ ẹlòmíràn tí yóò lọ bá. Kí wọ́n ti sọ èyí fún àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kìíní, kí ó má bàa dà bí ọ̀dàlẹ̀ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin fún ọmọbìnrin, ọmọkùnrin fún ọmọkùnrin. SS 2 dára ju SS 3 lọ, torí WAEC yóò já SS 3 gbà lọ́wọ́ ọmọ JSS 1 ní àárín ọdún, a sì ti sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn, kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó sì mọ ẹni tó ń fa àbúrò rẹ̀ lé lọ́wọ́ kó tó lọ.

Ó tún béèrè irú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọn yóò máa kọ, ó ní àwọn kan ti gbé fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin wá fún òun láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní kó dá a padà. Ìlà mẹ́ta tó, nínú ìwé ẹ́kísáásàìsì lásán: ọjọ́ wo ni, kí ni wọ́n ṣe, kí ni àbúrò béèrè tí ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Ìlà kẹta yẹn ni kí tíṣà kọ́kọ́ máa kà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ tó lọ sílé.